Irin Tó Lè Dúró De Ìkíni

Ọdún tí mo jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, mo padà sí Sábọ̀n Gàrí nílẹ̀ Hausa, sọ́dọ̀ àbúrò bàbá mi tó ní ṣọ́ọ̀bù àgbẹ̀dẹ lẹ́yìn Niger Street. Ìmọ̀ nípa irin ni mo kọ́. Àyà mi máa ń já bí wọ́n bá pè mí ní Injiníà. Kì í ṣe pé n kò mọ iṣẹ́. Ẹ̀rù ń bà mí pé ọ̀rọ̀ mi lè sú wọn kí n tó sọ ọ́ tán.

Bàbá, bí mo ṣe ń pe àbúrò bàbá mi, ń rọ eyín irin fún ẹ̀rọ tí Àlàájì kan fi ń bó ẹ̀pà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni eyín náà ti ṣẹ́. Àlàájì ní bó bá tún ṣẹ́, òun á gbé iṣẹ́ òun lọ síbòmíràn, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ló gbé ṣọ́ọ̀bù wa dúró.

Mo wo ojú ibi tó ti ṣẹ́: ó rí wóró-wóró bíi gàrí tí a kò jọ̀. Inú irin ní wóró tirẹ̀. Bí irin bá pẹ́ jù nínú iná, àwọn wóró ńlá á máa gbé àwọn kékeré mì, irin náà á sì di ohun tí kò lè gba ìyà.

Ojú Bàbá mọ iná dáadáa. Ìkíni ló ń fa ìdádúró. Irin á ti pọ́n, oníbàárà á wọlé, á kí i ní Hausa: “Sannu da aiki. Yaya gida? Yaya iyali?” Bàbá á dìde, wọn á béèrè ilé, ọmọ, ọyẹ́ àti ọjà, irin á sì wà nínú ẹyin iná.

“Bàbá, irin ń pẹ́ jù nígbà tí ẹ bá ń kí èèyàn.”

“Kí n wá yadi sí Àlàájì? Injiníà, ṣé wọn ò kọ́ yín pé ẹni tí a kí dáadáa ló ń gbé iṣẹ́ wá?”

Ojú tì mí díẹ̀, àmọ́ ohun tí mo mọ̀ dá mi lójú. “Ẹ máa kí wọn, Bàbá. Irin ni ká pààrọ̀.”

Mo ṣa sípíríǹgì mọ́tò akẹ́rù kan láti fi rọ eyín tuntun, èyí tí mo mọ̀ pé wọ́n po èròjà kan tí wọ́n ń pè ní fanádíọ̀mù mọ́ díẹ̀. Mo ṣàlàyé fún Bàbá pé ohun kékeré yìí máa ń dúró láàárín wóró bíi pèrègún ní ààlà oko, kí ẹnìkan má baà jẹ ilẹ̀ ẹnìkejì. Bí ooru bá kọjá ìwọ̀n, òun náà á yọ́. Ṣùgbọ́n ìdádúró ìkíni lásán kò tó bẹ́ẹ̀.

Irin tuntun wà nínú iná nígbà tí Àlàájì wọlé. Wọ́n kíra wọn títí. Bàbá ń wò mí. Mo mi orí pé kò séwu. Ẹ̀rù bà mí, lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù náà kò borí ìdánilójú mi. Lẹ́yìn náà a ri irin bọ òróró, mo sì fi òòlù ṣẹ́ ọ̀kan nínú eyín náà.

“Ọmọ yín ò tilẹ̀ jẹ́ kí ẹ̀rọ mi bá a ṣẹ́ ẹ,” ni Àlàájì wí ní Hausa.

“Inú rẹ̀ ló fẹ́ wò,” Bàbá dáhùn.

Ojú ibẹ̀ kúnná bí èlùbọ́. Bàbá fi iná jẹ́jẹ́ mú ìyókù rọ̀ díẹ̀, a sì dè wọ́n mọ́ ẹ̀rọ. Ọjà ẹ̀pà ọdún náà parí, kò sí eyín tó ṣẹ́. Àlàájì gbé ẹ̀rọ kejì wá. Bàbá kò tilẹ̀ yẹ ẹ̀rọ náà wò fúnra rẹ̀. Ó ní kí n wá sọ irú irin tí a máa lò.