Bọ́tìnnì Tí Wọ́n Ní Ó Jọ Ewùrà

Ẹ wò ó, bọ́tìnnì inú kọ̀ǹpútà, ìyẹn ibi tí wọ́n ń tẹ̀ lójú ẹ̀, láyé ìgbà yẹn, gbogbo ẹ̀ ló dà bíi páálí ṣúgà: igun mẹ́rin, àwọ̀ eérú, kò lẹ́wà rárá. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde girama, tí mo ń wọ mọ́tò láti Ilora lọ kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà l'Ọ́yọ̀ọ́, mo wá mọ bí wọ́n ṣe ń gé e bó bá ṣe wuni! Èèyàn á kàn to àmì kéékèèké yípo àwòrán tó bá fẹ́, á so wọ́n pọ̀, kọ̀ǹpútà á sì gé ìyókù dànù. Mo gé ọsàn, mo gé ẹja, mo gé bàtà ọ̀gá mi. Ẹ tẹ bàtà, púrógíráàmù á pa dé.

Ọ̀gá ní, "Ìwọ ọmọ yìí, iṣẹ́ púrógíráàmù tí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kan gbé wá láti Fìdítì, ìwọ ni kó o ṣe ojú ẹ̀ tí wọ́n á máa tẹ̀. Bí wọ́n bá gbà á, o ti di òṣìṣẹ́ mi nìyẹn. Bí wọn ò bá gbà á, máa lọ bá ìyá ẹ bẹ ẹ̀gẹ́."

Ẹ̀gẹ́ kẹ̀! Mo gé bọ́tìnnì ńlá kan tó rí bí iṣu. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́, iye iṣu tó kù ní sítóò á jáde.

Lọ́jọ́ tí èmi àti ọ̀gá gbé e lọ, mo gbé ojú kọ̀ǹpútà lé itan bí ọmọ tuntun nínú mọ́tò. Ìyá kan ní, "Ẹ kú ewu ọmọ o!"

Ní Fìdítì, mo kúnlẹ̀ fún bàbá alága wọn. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ iṣu yẹn."

"Iṣu wo? Ewùrà nìyí."

Akọ̀wé wọn na ọrùn. "Ewùrà ni! Ó la ẹsẹ̀ bíi pẹ́pẹ́yẹ."

Bàbá ní, "Ọmọ, ilé ta ni wọ́n ti gún ewùrà fún ẹ rí? Àbí a jọ Ìjẹ̀bú lójú ẹ ni? Èmi ò ní tẹ ewùrà."

Ọ̀gá wò mí. Òórùn ẹ̀gẹ́ dé imú mi! Mo fò jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. "Ẹ̀yin bàbá, ẹ dákun, irú iṣu wo lẹ fẹ́?"

Háà! Wọ́n pagbo yí mi ká.

"Fà á gùn!"

"Fi orí sí i!"

"Orí yẹn ti pọ̀ jù, ó dà bí ẹni pé iṣu wé gèlè!"

Mo ń sún àmì kan sókè, mo ń fa òmíràn wálẹ̀, wọ́n ń bá ara wọn jà lórí ìdí iṣu tí ò tó ọmọ ìka.

Bàbá wá gba máòsì. Ó tẹ ilẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣu, kò sí nǹkan kan. Ó tẹ ẹ̀gbẹ́ kejì, pàbó. Ó tẹ iṣu fúnra ẹ̀, iye tó kù ní sítóò fò jáde!

"Yéè! Ilẹ̀ ò dáhùn o, iṣu nìkan ló ń dáhùn!" Ó tún tẹ̀ ẹ́. Àwọn yòókù ń pariwo pé kó gbé máòsì sílẹ̀, ó kọ̀. "Ọ̀gá kọ̀ǹpútà, a gbà á. Ọmọ yín mọ iṣu."

"Òṣìṣẹ́ mi ni, bàbá!" lọ̀gá mi wí.

Òṣìṣẹ́! Ayọ̀ pa mí débi pé mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọkùnrin, níwájú gbogbo wọn, kí n tó rántí pé kíkúnlẹ̀ ni tèmi.