Ẹyin Mẹ́rin fún Dókítà Eegun Ẹ̀yìn

Gbogbo ẹni tó bá mọ̀ mí ní Ajégúnlẹ̀ á sọ fún yín pé n kì í bẹ̀rù. Irọ́ ni. Èmi ni mo fi kọ́ wọn.

Iṣẹ́ wẹ́dà ni mò ń ṣe ní Liverpool Road, ara tírélà tó bá ti jẹrà ni mò ń jó pọ̀. Lọ́jọ́ kan, mo dá gbé irin tó yẹ kí èèyàn mẹ́ta gbé, kí àwọn ará yáàdì lè rí i pé agbára ṣì wà. Nǹkan kan dún kọ̀ ní ìbàdí mi. Ìrora sọ̀ kalẹ̀ sí ẹsẹ̀ òsì, nígbà tó sì di oṣù kejì, ẹsẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ nílẹ̀. Ní yáàdì, wọ́n ti ń jíròrò ẹni tó máa jogún ẹ̀rọ mi.

Dókítà ní nǹkan kan ló yọ láàárín eegun ẹ̀yìn mi, tó ń tẹ iṣan. Tá a bá fi falẹ̀, ẹsẹ̀ lè má padà sípò. Òun ò ní la ẹ̀yìn mi gbàragada. Ihò kékeré lòun máa lu, òun á ti páìpù bọ̀ ọ́, òun á sì máa wo inú ẹ̀ nínú tẹlifíṣọ̀n.

Mo wo ojú ẹ̀. Ọmọ tí mo lè rán lọ ra omi ni.

“Dókítà, ta ni ọ̀gá yín? Ṣé wọ́n ti ṣe fírídọ̀mù fún yín?”

Ìyàwó mi fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi. Àmọ́ nínú iṣẹ́ tiwa, wẹ́dà tí ọ̀gá ò tíì gbàdúrà fún níwájú ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ dá fọwọ́ kan tírélà onítírélà. Ṣé ẹ̀yìn mi wá kéré sí tírélà ni?

Kò bínú. Ó ní ó pẹ́ tóun fi dúró wo ọwọ́ ọ̀gá. Lẹ́yìn náà, rírán ojú ọgbẹ́ nìkan ni wọ́n fún òun, kí wọ́n tó wá jẹ́ kóun ti páìpù. Ohun tó le jù ni pé ojú ń wo tẹlifíṣọ̀n lókè, ọwọ́ ń ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀. Ẹyin tútù lòun fi kọ́ ọwọ́: wọn á fi ẹ̀rọ ha èèpo ẹ̀ kúrò, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ abẹ́ ẹ̀ ò sì gbọdọ̀ bẹ́.

Lọ́sẹ̀ kejì, mo gbé ẹyin mẹ́rin lọ. Èyí tí èèpo wọn fẹ́lẹ́ jù ni mo ṣà. Ìyàwó mi ní tá a bá débẹ̀, kí n má pe òun ní ìyàwó mi. Dókítà rẹ́rìn-ín, ó mú wa lọ sí yàrá tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́. Ó mú ẹ̀rọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ha èèpo. Ẹyin àkọ́kọ́ bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Òógùn bò mí. Mẹ́ta tó kù, awọ funfun yọ, kò sí èyí tó dà.

“Tó bá jẹ́ èmi ni ẹyin àkọ́kọ́ ńkọ́?”

“Bàbá, ọ̀gá mi á dúró tì mí. Tí mo bá rí i pé ihò kékeré ò ṣe é ṣe, màá la ẹ̀yìn yín bí wọ́n ṣe ń là á tẹ́lẹ̀. Ojú ò ní tì mí.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú mi tọwọ́ bọ̀wé, èmi tí ojú tì láti pe èèyàn méjì kí wọ́n bá mi gbé irin.

Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ náà, ọ̀gá ẹ̀ wá lóòótọ́, ó káwọ́ mọ́yà. Mo bẹ̀ ẹ́ kó má ṣe tòògbé. Kí n tó gbọ́ èsì, èmi ni oorun gbé lọ.

Nígbà tí mo jí, Dókítà ní kí n mi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ òsì. Mo di ojú mi pinpin, mo ní kí ìyàwó mi bá mi wò ó. Ó ká aṣọ ìbora kúrò lẹ́sẹ̀ mi.

“Ṣé ó ń mì?”

“Ó ti ń mì kí ẹ tó jí,” ni ìyàwó mi wí. “Ẹ lajú yín, jàre.”