Igbe Ọkọ̀ ní Òkè Ìsàbà

Ẹsẹ̀ ìyá mi àgbà nìkan ló hàn síta. Ara rẹ̀ tó kù wà lábẹ́ ọkọ̀, lórí ẹní tó ti gbó, ó sì ń fi irin lu irin níbẹ̀, kó, kó, kó, bí ẹyẹ àkókó tó ń sọ igi. Èmi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, mò ń ṣa ẹyìn kúrò lára ìdì rẹ̀ sínú agbọ̀n. Òórùn gásíwálì tí ọkọ̀ náà ń mu dà pọ̀ mọ́ ti epo pupa tó ń hó lórí ààrò, débi pé títí di òní, bí mo bá gbóòórùn ọ̀kan, èkejì ni mo máa ń wá kiri. Láti abẹ́ ọkọ̀ ló ti ń bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní kí n ṣọ́ra fún ẹ̀gún. Ó ní òun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe tán. Láti àárọ̀ ló ti ń sọ pé òun fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe tán.

Bàṣé ni à ń pe irú ọkọ̀ náà lọ́dọ̀ wa, akẹ́rù kékeré tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ọkọ ìyá àgbà, tó jẹ́ awakọ̀, ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wà á àti bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe. Nígbà tí bàbá àgbà kú, ìyá àgbà jókòó sí àyè rẹ̀ nídìí ọkọ̀, kò sì dìde níbẹ̀ mọ́. Á lọ kó ẹyìn àwọn obìnrin Ìsàbà wá sí Pobẹ̀, á tún gbé epo wọn lọ sí ọjà Sakétẹ́. Òkè kan ṣoṣo ni ìṣòro rẹ̀. Nísàlẹ̀ Ìsàbà, ilẹ̀ dúdú tó ń lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná ló wà níbẹ̀. Béèyàn bá bọ́ nínú rẹ̀ tán, òkè ló kàn. Ẹ́ńjìnnì ti darúgbó. Bí ẹrù bá kún, á mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀, á dúró sí àárín òkè. Àwọn obìnrin á sọ̀kalẹ̀, wọ́n á ru ìdajì ẹrù wọn lórí, wọ́n á sì máa fi ìyá àgbà ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwọn rò pé àwọn ni yóò gun ọkọ̀, àwọn ò mọ̀ pé ọkọ̀ ni yóò gun àwọn. Òun náà á bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo máa ń rí i pé ó ń dùn ún. Ẹyìn tó bá pẹ́ sójú ọ̀nà, epo rẹ̀ á kan, àwọn obìnrin kan sì ti ń wo ọ̀dọ̀ ọlọ́kọ̀ mìíràn.

Lára bọ́ọ̀sì kan tó ti kú sínú koríko lójú ọ̀nà Takọn ni ìyá àgbà ti tú ohun tó ń dè mọ́ ọkọ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ̀rọ tí à ń pè ní túrúbò, pẹ̀lú àṣẹ ẹni tó ni bọ́ọ̀sì. Ó rí bí ìgbín ńlá méjì tó kẹ̀yìn síra wọn. Bó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi nìyí: èéfín tí ẹ́ńjìnnì ń tú dànù á gba inú ìgbín kìíní, á yí abẹ̀bẹ̀ tó wà níbẹ̀, abẹ̀bẹ̀ yẹn á yí ti inú ìgbín kejì, ìyẹn á sì máa ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì kí ó lè lágbára. Ó ní èémí tí ọkọ̀ ti mí dànù ló máa fi gun òkè. Ó fi gásíwálì àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, ó fi ìka yí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀, ó gbé e sétí bí ẹni tó ń gbọ́ ohùn ọmọ tuntun. Ọkùnrin kan tó ń jó irin ní Pobẹ̀ bá a jó páìpù èéfín pọ̀. Èyí tó kù, ọwọ́ rẹ̀ ló ṣe é. Páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbé ọ́ìlì lọ síbẹ̀ ló pẹ́ lé lórí jù, nítorí ó ní ohun tó bá ń sáré tó bẹ́ẹ̀, bí kò bá rí nǹkan mu, òùngbẹ á pa á.

Nígbà tí ìyá àgbà tan ọkọ̀ náà wò lágbàlá, ohùn rẹ̀ kò yàtọ̀. Ìrọ̀lẹ́ la gbé ẹrù kún un ní Ìsàbà, tí a kọrí sí òkè, èmi àti òun níwájú. A dé ibi tó máa ń dúró sí, kò dúró. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí omi fi bọ́ lójú mi. Nígbà náà ni igbe kan dìde, tẹ́ẹ́rẹ́, gígùn, tó ń lọ sókè tó ń bọ̀ wálẹ̀.

Gbogbo ọmọbìnrin tó dàgbà níhà tiwa ló mọ ohun tí irú igbe bẹ́ẹ̀ jẹ́ ní ìrọ̀lẹ́. Orò ló jáde. Kí obìnrin wọlé, kó tilẹ̀kùn. Ní abúlé kékeré tó wà lórí òkè, àwọn obìnrin fi ìkòkò epo sílẹ̀ lórí iná, wọ́n gbá ọmọ mú, ilẹ̀kùn ń dún gbà, gbà. Ìyá àgbà pa ọkọ̀. Ó tẹ orí mi mọ́lẹ̀, ó sì fi gèlè rẹ̀ bo àwa méjèèjì. Igbe náà dákẹ́. A dúró títí. Ó tan ọkọ̀, a rìn díẹ̀, igbe tún dé. Ó tún pa á, igbe tún dákẹ́. Lábẹ́ gèlè yẹn, mo rí i tí èjìká rẹ̀ ń mì. Mo rò pé ẹkún ni, ẹ̀rù wá bà mí ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ̀rín ni.

“Àwa náà ni,” ló wí. “Àwa là ń sá fún ara wa.”

Kò rẹ́rìn-ín mọ́ lọ́jọ́ kejì, nígbà tí àwọn ọkùnrin abúlé náà wá. Ẹbí ọkọ rẹ̀ ni wọ́n, nítorí náà “ọkọ mi” ló ń pe gbogbo wọn, títí kan àwọn tí irùngbọ̀n wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù. Ó kúnlẹ̀ kí wọn. Àgbà tó ṣáájú wọn ní epo obìnrin kan ti jó tán, pé arúgbó kan ṣubú lẹ́nu ọ̀nà, orúnkún rẹ̀ sì bó. Ó ní kó tú nǹkan náà kúrò lára ọkọ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Bí ìyá àgbà bá tú u, òkè tún ti borí rẹ̀ nìyẹn, àwọn obìnrin Ìsàbà á sì lọ.

Ó tọrọ àforíjì. Ó ní òun máa fi epo mìíràn rọ́pò èyí tó jó. Lẹ́yìn náà ló wá béèrè wẹ́rẹ́ pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ọkọ mi, kí gan-an ni mọ́tò mi jọ?”

Baba tó ṣáájú wọn wúkọ́. Àwọn ọ̀dọ́ wolẹ̀. Ọkùnrin kì í jókòó ti obìnrin kó máa ṣàlàyé irú ohùn bẹ́ẹ̀ fún un, obìnrin tó bá sì mọ awo kò gbọdọ̀ wí i. Gbogbo wọn mọ̀, kò sì sẹ́ni tó lè sọ ọ́.

“Ó jọ ohun tí kò yẹ kó jọ,” ni baba wí níkẹyìn.

“Bí kò bá lórúkọ, ọkọ mi, báwo ni mo ṣe máa bá a wí?”

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ bú sẹ́rìn-ín, ó yára sọ ọ́ di ikọ́. Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu baba pàápàá. Ó ní, “Ìyàwó, ẹnu rẹ mú.”

Ibẹ̀ ni ìyá àgbà wá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní òun kò ní fi ohun tó jẹ́ ti ìlú ṣeré. Ọjọ́ tí wọ́n bá kéde pé kí obìnrin wà nílé, mọ́tò òun kò ní kúrò lágbàlá. Lọ́jọ́ mìíràn, kó tó dé ẹsẹ̀ òkè, òun á tẹ kílásọ́n, fèrè rẹ̀, á dún dáadáa, kí gbogbo ayé mọ̀ pé òun ló ń bọ̀.

Baba ní kí àwọn gbọ́ ọ ná. Ó ránṣẹ́ sílé pé kí àwọn obìnrin fetí sílẹ̀, ó sì bá wa lọ sí Ìsàbà. Bí a ṣe ń padà bọ̀, orí ẹyìn ni òun àti àwọn ọ̀dọ́ jókòó sí. Lẹ́sẹ̀ òkè, ìyá àgbà tẹ kílásọ́n, ó dún títí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni túrúbò bẹ̀rẹ̀ sí ké, ọkọ̀ sì ń gòkè. Lábúlé, àwọn obìnrin dìde dúró. Wọ́n wo ara wọn. Arúgbó tí orúnkún rẹ̀ bó kò tilẹ̀ kúrò lórí àpótí rẹ̀. Ó ń ro epo rẹ̀ lọ.

Baba sọ̀kalẹ̀, ó gbọn ìdí agbádá rẹ̀. “Ẹni tó kí wa kó tó ké,” ló wí, “kò dẹ́rù bà wá.”

Ọkọ̀ náà gun òkè yẹn títí mo fi kúrò nílé lọ sí yunifásítì. Ìyá àgbà ti di olóògbé báyìí. Kútọnú ni mo wà, mo ti gba ìwé ẹ̀rí, mò ń wá iṣẹ́, àyà mi sì máa ń já lẹ́nu ọ̀nà gbogbo ọ́fíìsì tí mo bá fẹ́ wọ̀. Mo máa ń ṣe bíi mọ́tò ìyá àgbà lẹ́sẹ̀ òkè: mo máa ń dúró, mo máa ń sọ orúkọ mi, mo máa ń sọ ohun tí mo bá wá, mo sì máa ń sọ pé ẹ̀rù ń bà mí díẹ̀, kí wọ́n má bínú. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní mo máa ń ṣàlàyé ọkàn mi jù, pé kò yẹ kéèyàn sọ gbogbo ìyẹn fún ẹni tí kò mọ̀ rí. Ó lè jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n mo ti ń ṣe é láti ọjọ́ pípẹ́, kò sì tíì sẹ́ni tó tìtorí rẹ̀ tilẹ̀kùn mọ́ mi.