Yàrá Tí Ìyá Àgbà Ṣì Gbọ́

Òórùn fáníìṣì ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Kápẹ́ńtà ti kó àga onítìmùtìmù tuntun dé ojúde wa l'Ọ̀wọ̀, ó ń kùn wọ́n, inú mi sì ń dùn bíi kí n fò! Bàbá mi, àgbẹ̀ kòkó, ti kọ́ ilé onípáànù, ó sì yọ pálọ̀ sí i níwájú. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ mọ ohun tí pálọ̀ jẹ́ láyé ọjọ́un!

Àṣé kì í ṣe tiwa. Bí wọ́n ti to àga tán ni Bàbá ti ilẹ̀kùn, ó ju kọ́kọ́rọ́ sápò. "Àlejò ni mo ṣe é fún. Ọmọ tó bá fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀, èmi àtolúwa ẹ̀ ni." Ojú ihò kọ́kọ́rọ́ ni mo ti ń wo àga wọ̀nyẹn lójoojúmọ́. Ó wù mí débi pé mo ń lálàá rẹ̀.

Ìgbà tó yá, ìyá tó bí Bàbá wá kí wa láti Ìdasẹn. Bàbá ń kánjú jáde, ó na kọ́kọ́rọ́ sí i: "Ìyá, ẹ lọ jókòó ní pálọ̀." Ìyá àgbà ò gbọ́ ọ̀rọ̀ tó ń jẹ́ "pálọ̀" rí. Ó yí i sí èyí tó mọ̀. Bó ṣe di ìrọ̀lẹ́, tí a jẹun tán, ó ṣílẹ̀kùn gbayawu, ó ní: "Ẹ̀yin ọmọ, ẹ máa bọ̀! Bàbá yín kọ́ yàrá tí a ó ti máa pàlọ́!"

Yéè! Ta ni yóò sọ fún un pé ó ṣì í gbọ́? Èmi kọ́ o! A ya wọlé, a gun orí àga. Àlọ́ ń lọ, orin ń lọ, ìgbà tí mo máa gbójú sókè, Bàbá ló dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn, ó fajú ro.

Ìyá àgbà ò tilẹ̀ bójú wẹ̀yìn. Àlọ́ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni, ó ń bẹ̀rẹ̀ òmíràn: "Ààlọ́ o!"

Bàbá la ẹnu láti bá wa wí. Ohun tó jáde ni: "Ààlọ̀!"

Ẹ̀rín pa wá! Bàbá náà bú sẹ́rìn-ín, ó bọ́ bàtà, ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀. Látọjọ́ náà, kò ti ilẹ̀kùn yẹn mọ́ wa mọ́.

Nígbà tí mo dé iléèwé girama, tíṣà wa sọ pé inú ọ̀rọ̀ àtijọ́ kan tó túmọ̀ sí "sọ̀rọ̀" ni àwọn òyìnbó ti yọ pálọ̀, pé yàrá tí èèyàn ti ń sọ̀rọ̀ ni. Mo pariwo nínú kíláàsì! Ìyá àgbà ṣì í gbọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tó já sí!

Èmi tí mò ń yọjú níhò kọ́kọ́rọ́ ti wá di ìyá àgbà báyìí, pálọ̀ mi sì tóbi ju ti Bàbá lọ. Àwọn ọmọ-ọmọ mi nà gbalaja sórí àga ibẹ̀ bó ṣe wù wọ́n, kálukú tẹjú mọ́ fóònù, kò sẹ́ni tó ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀. Nírọ̀lẹ́ àná, ara mi ò gbà á mọ́. Mo ké tantan: "Ààlọ́ o!"

Èyí tó kéré jù gbójú sókè, ó ní: "Hẹlóò!"

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo ní kó máa bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo sì bẹ̀rẹ̀.