Ọdún Tí Wọ́n Ní Kí A So Ajá Mọ́lẹ̀

Èéfín ẹja ni mo kọ́kọ́ mọ̀ mọ́ Èbúté Ìkòròdú, kí n tó mọ orúkọ àdúgbò kankan níbẹ̀. Wọ́n gbé mi níyàwó láti Ẹ̀pẹ́ wá síbẹ̀ nígbà tí òyìnbó ṣì ń ṣèjọba lórí wa, ilé ọkọ mi kò sì jìnnà sí ibi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń gúnlẹ̀. Láàárọ̀, bí oòrùn bá ti ń yọ lórí ọ̀sà, èéfín á ti gba gbogbo àgbàlá kan, á dà pọ̀ mọ́ òórùn ẹrẹ̀ àti ti ìfun ẹja tí àwọn obìnrin ń dà sétí omi. Ìfun ẹja yẹn ló ń kó ajá jọ. O ò rí irú ajá bẹ́ẹ̀ rí, ọ̀rẹ́ mi: ajá onílé, ajá aláìnílé, èyí tó ru egungun, èyí tí etí rẹ̀ ti ya. Gbogbo wọn á máa jà, ewúrẹ́ á sì gba àárín wọn kọjá lọ jẹ ẹ̀gẹ́ tí a sá sórí ẹní.

Ìyá ọkọ mi náà ní ajá kan, pupa rúsúrúsú, tó ń jẹ́ Tanífẹ́ni. Ọdẹ ni bàbá ọkọ mi nígbà ayé rẹ̀. Òun ló sọ ajá náà lórúkọ, nígbà tó sì kú, ajá yẹn ni Ìyá fi ń rántí rẹ̀. Ẹsẹ̀ Ìyá ló ń sùn sí lálaalẹ́. Èmi ò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Mùsùlùmí ni wá nílé bàbá mi, wọ́n sì ti kọ́ wa láti kékeré pé bí itọ́ ajá bá kan aṣọ ẹni, a gbọ́dọ̀ fọ̀ ọ́ kí a tó kírun. Ṣùgbọ́n o mọ bí ìyàwó tuntun ṣe ń rí, ẹnu rẹ̀ kì í gba ọ̀rọ̀. Mo kàn máa ń gbé búútà àlùwàlá mi sórí pẹpẹ, Tanífẹ́ni á sì jókòó síwájú pẹpẹ, á máa wò mí bí ẹni pé ẹ̀ṣẹ̀ tí òun ṣẹ̀ mí kò yé òun.

Ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kan, ìròyìn dé pé ajá dìgbòlugi ti ń bu àwọn èèyàn jẹ lápá ọ̀nà Ejinrin. Kò pẹ́ tí ìgbìmọ̀ ìlú fi ṣòfin. Ìrọ̀lẹ́ ni alágogo gba àdúgbò wa kọjá, tó ń pariwo pé, "Ẹ so ajá yín mọ́lẹ̀ o! Ẹ so ewúrẹ́ yín o! Ajá tí wolé-wolé bá rí láìsí okùn lọ́rùn, pípa ni! Ewúrẹ́ tó bá ń jẹ̀ kiri, ọgbà ìjọba ló ń lọ!"

Inú mi dùn, mo sì gbé ojú sílẹ̀ kí Ìyá má baà rí i. Inú bí Ìyá ní tirẹ̀. Ó dìde lórí àpótí tó fi ń jókòó yan ẹja, ó ní, "Ajá ọdẹ ni kí n so mọ́ òpó bí àgbò iléyá? Kí wọ́n kọ́kọ́ wá so èmi náà."

Wolé-wolé tó ń bójú tó ìmọ́tótó àdúgbò wa, tó sì máa ń wá yẹ àmù omi wa wò, kì í ṣe èèyàn líle. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni, gíga, pẹ̀lú kakí àti kẹ̀kẹ́ tó máa ń dún kíkan-kíkan. Ó wá bá Ìyá, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi so ó. Èmi ò fẹ́ pa ajá ẹnikẹ́ni."

"Oúnjẹ ni mo fi so ó, ọmọ mi," ni Ìyá dá a lóhùn. "Kò sí okùn tó yi ju ìyẹn lọ. Kọjá lọ."

Ó kọjá lọ lóòótọ́. Ìyá rò pé òun ti borí.

Oyún àkọ́kọ́ mi ti yọ síta nígbà náà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbé agbọ̀n ẹja sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí omi láti ṣan án. Ajá kan yọ lẹ́yìn pákó tí wọ́n tò jọ síbẹ̀. N kò mọ̀ ọ́n rí. Ohun tó kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí kì í ṣe itọ́ tó ń hó lẹ́nu rẹ̀, bí kò ṣe pé ó gba àárín ìfun ẹja kọjá láì wo ibẹ̀. Ó ń ta gbọ̀ngbọ́n, orí rẹ̀ tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi tààrà. Mo fẹ́ sá, ẹsẹ̀ mi rì sínú ẹrẹ̀. Mo ṣubú, mo fi ọwọ́ méjèèjì bo ikùn mi. Mo mọ ìgbà tí eyín rẹ̀ ya ojúgun mi.

Lẹ́yìn náà ni mo rí ohun pupa kan tó fò kọjá lórí mi. Tanífẹ́ni ni. Ó gbá a mọ́lẹ̀, wọ́n ń yí nínú ẹrẹ̀, wọ́n ń ya ara wọn jẹ, títí àwọn ọlọ́kọ̀ fi gbé àjẹ̀ dé tí wọ́n pa àjèjì náà. Nígbà tí Ìyá fi sáré dé, Tanífẹ́ni ti dúró tì mí, ẹ̀jẹ̀ ń kán ní etí àti ọrùn rẹ̀, ìrù rẹ̀ sì ń mì.

Wọ́n ránṣẹ́ pe wolé-wolé. Ó bèèrè omi àti ọṣẹ, ó kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀ tòun ti kakí rẹ̀, ó sì ń fọ ojú egbò mi, ó tún ń fọ̀ ọ́. Ó ní ọkọ̀ tó ń lọ sí Èkó láàárọ̀ yẹn gan-an la gbọ́dọ̀ wọ̀, pé abẹ́rẹ́ wà ní ọsibítù ńlá, pé bí a bá tètè dé, kò séwu. Ó wá yíjú sí ajá. Ó wo Ìyá, ó tún wo egbò ọrùn ajá.

Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Èmi tí mo ti ń dúró de ọjọ́ tí òfin máa gba ajá yìí kúrò níwájú mi, mo di ẹsẹ̀ ṣòkòtò wolé-wolé mú. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, òun ló gbà mí. Ẹ má pa á."

"Àìsàn náà ti wọ ara rẹ̀, ìyáàfin," ló sọ jẹ́jẹ́. "Kò tíì hàn ni."

Gbogbo èèyàn ń wo Ìyá. Wọ́n rò pé á pariwo. Mo rí i tó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó ní, "Bí mo bá pa á mọ́, tó wá bu ọmọ ọlọ́mọ jẹ, ṣé màá sọ fún ìyá ọmọ pé ajá mi ló gba ìyàwó ọmọ mi là? Ṣé ìyẹn á wo ọmọ rẹ̀ sàn?" Ó ní kí wọ́n bá òun mú okùn wá. Ó ṣọ́ra kí ọwọ́ rẹ̀ má kan ojú egbò, ó so okùn náà, ó gbé odindi ẹja yíyan síwájú ajá. Nígbà tó jẹ ẹ́ tán, ó fi okùn lé wolé-wolé lọ́wọ́. "Má jẹ́ kó pẹ́, ọmọ mi. Má sì jẹ́ kó rò pé mo lé e ni."

Nínú ọkọ̀, mo ń sunkún. Ìyá fi ìborùn rẹ̀ bò mí lẹ́sẹ̀. "Ìyàwó, dákẹ́. Omijé kì í ṣe oúnjẹ aboyún." Ọ̀dọ̀ mọ̀lẹ́bí wa kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó la dé sí. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gún mi lábẹ́rẹ́ káàkiri ìdodo, abẹ́rẹ́ tó ń ro ni lára dé ọkàn, ojoojúmọ́ náà sì ni Ìyá ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn ilẹ̀kùn, tó ń sọ̀rọ̀ sókè kí n lè máa gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó ń sọ ìtàn ọkọ rẹ̀ àti àwọn ajá rẹ̀ fún mi. Mo ronú nígbà náà pé ká ní ó ti so Tanífẹ́ni ni, ta ni ìbá gbà mí? Ṣùgbọ́n ká ní ẹni tó ni àjèjì yẹn ti so tirẹ̀ ńkọ́? Ìbéèrè méjèèjì kò kúrò lọ́kàn mi títí dòní.

Ara mi yá. Nígbà tí òjò rọ̀ dáadáa, mo bí ọmọbìnrin kan tó ké tí gbogbo àgbàlá gbọ́.

Ọdún kejì, alágogo tún dé: àwọn dókítà ẹran ń bọ̀ láti gún ajá lábẹ́rẹ́ tí dìgbòlugi kò fi ní lè mú wọn, kí kálukú mú tirẹ̀ wá síwájú kóòtù. Ìlú kò gbà á gbọ́. Wọ́n ní ọgbọ́n tí wọ́n fẹ́ fi kó ajá pa ni. Àwọn kan gbé ajá wọn sínú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n, wọ́n tu ọkọ̀ lọ sí oko. Ìyá ló ń ti àgbàlá dé àgbàlá. "Ẹ wò mí dáadáa," ló ń sọ fún wọn. "Ká ní abẹ́rẹ́ yìí ti wà lọ́dún tó kọjá, Tanífẹ́ni ìbá wà láàyè. Ẹ má ṣe bíi tèmi."

Nígbà tí ọjọ́ pé, òun ló kọ́kọ́ débẹ̀, pẹ̀lú ọmọ ajá kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà. Èmi ni mo di ọmọ ajá náà mú fún abẹ́rẹ́, ọmọ mi sì ń sùn lẹ́yìn mi. Wolé-wolé wà níbẹ̀. Òun àti Ìyá wo ara wọn, Ìyá sì gbàdúrà fún un. Nígbà tí mo wẹ̀yìn, mo rí àwọn èèyàn tí ń bọ̀ láti ojú ọ̀nà èbúté, ẹnì kan lẹ́yìn ẹnì kan, wọ́n ń fa ajá, ajá ń fà wọ́n.

Tẹ́lẹ̀, mo gbà pé ìjà àwọn tó fẹ́ràn ajá àti àwọn tí kò fẹ́ràn rẹ̀ ni òfin yẹn ń dá sí. Ìyá ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ẹni tó fẹ́ràn nǹkan jù lọ náà lè jẹ́ ẹni tí yóò kọ́kọ́ jọ̀wọ́ rẹ̀ nítorí ọmọ ẹlòmíì. Ọmọ mi dàgbà sí èbúté yẹn, kò mọ ẹ̀rù. Bí ó bá jí, á sáré lọ sétí ọ̀sà láìwẹ̀yìn, ajá Ìyá á tẹ̀ lé e. Mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà wò ó títí yóò fi dé ibi omi, n kì í sì í pè é padà.