Ọjọ́ Tí A Tò Sẹ́yìn Bàbá Gbohùngbohùn

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn lọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, nígbà tí ọyẹ́ ti ká kúrò nílẹ̀ tí òjò àkọ́rọ̀ kò sì tíì bọ́. Àwọn bàbá wa ní Òde-Èkìtì ń kọ ebè sílẹ̀ de iṣu. Èmi wà ní ọdún kẹta ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Ìkẹ́rẹ́, ní ẹ̀ka físíìsì. Ẹ̀yin tí ẹ ń wọ ẹ̀ka náà lónìí máa ń sọ pé àwa tí a ṣíwájú yín jà kí ẹ̀kọ́ àfọwọ́ṣe má bàa kú. Òótọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò tán síbẹ̀. Mo fẹ́ sọ ohun tí mo rí, tòun ti owú tó wà níkùn mi lọ́jọ́ náà, nítorí ẹni tó bá yọ owú kúrò nínú ìtàn yìí ti yọ ìdajì rẹ̀ dànù.

Ọ̀gbẹ́ni Ajíbádé ni olùkọ́ tí ìjà náà dá lé lórí. Bàbá Gbohùngbohùn là ń pè é lẹ́yìn. Kọ́ọ̀sì méjì ló ń kọ́ wa, ọ̀kan lórí ìró, èkejì lórí ipá àti ìrìn nǹkan. Kì í ka ìwé sí wa létí kí a máa dà á kọ. Bí a bá dé orí ẹ̀kọ́ ìró, yóò kó wa lọ sí ìsàlẹ̀ òkè Olósùnta, yóò ní kí a dúró ní ọ̀ọ́kán àpáta, kí a máa gbá pákó méjì pọ̀ títí ìró pákó wa àti ìdáhùn àpáta yóò fi bọ́ sára wọn. Láti ibẹ̀ la ó ti ṣírò bí ìró ṣe ń yára tó. Àwọn àgbẹ̀ tó ń kọjá lọ sóko á dúró wò wá.

“Ẹ kú uṣẹ́ o! Ṣé ẹyẹ lẹ ń lé ni?”

Bàbá náà á dá wọn lóhùn pé, “Ẹ̀kọ́ là ń lé, kò sì jẹ́ kí ọwọ́ tẹ òun!”

Èrò àwa akẹ́kọ̀ọ́ nípa rẹ̀ kò dọ́gba. Àwọn kan ní òun nìkan ló sọ físíìsì kalẹ̀ láti orí pátákó. Àwọn kan ní ìdánwò rẹ̀ kì í jọ ohun tó kọ́ni. Àwọn kan tún ní ó ń yára jù, pé bí o kò bá gbá ọ̀rọ̀ mú níbi tó ti sọ ọ́, ó di ọdún tó ń bọ̀. Mo wọn ẹ̀sùn wọ̀nyí wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ti ìdánwò kò rí bẹ́ẹ̀: ohun tí a ṣe nísàlẹ̀ òkè ló máa ń béèrè, ẹni tí kò bá wá ni kì í mọ̀ ọ́n. Ti ìyára jẹ́ òótọ́. Ẹ̀sùn kẹta wà tí ẹnikẹ́ni kì í sọ síta, òun sì ni mo mọ̀ jù: nínú gbogbo wa, ọmọ kan ṣoṣo ni Ọ̀gbẹ́ni Ajíbádé ń rí.

Délé lorúkọ ọmọ náà, ọmọ Ìkẹ́rẹ́ gan-an, olóhùn òkè. Ní ọjọ́ kan tí a lọ sí òkè láàárọ̀ tí a sì tún lọ lọ́sàn-án, mo ṣàkíyèsí pé ìró ọ̀sán yára ju ti àárọ̀ lọ. Mo yí sí Délé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo rọra sọ fún un pé ó jọ pé ooru ló fà á, ṣùgbọ́n kí a tún un wọ̀n ná. N kò tíì sọ ọ́ tán tí ọwọ́ rẹ̀ ti wà lókè.

“Sà! Ooru ni, sà! Ooru ló ń mú un yára!”

Bàbá Gbohùngbohùn pàtẹ́wọ́. “Délé! Ọ̀jọ̀gbọ́n ọ̀la!”

Láti ọjọ́ náà lọ, tí a bá ti dé ibi ọ̀rọ̀ ooru, “gẹ́gẹ́ bí Délé ti wí” ni. Mo pe Délé sẹ́yìn láàbù.

“Ọ̀rọ̀ mi lo lọ sọ yẹn o.”

“Ṣé mo já a gbà lẹ́nu rẹ ni? Ìwọ lo ní ká tún un wọ̀n. Tí o bá wọ̀n ọ́n tán, kí o wá pè mí.”

Kò purọ́, ìyẹn ló sì jẹ́ kó dùn mí jù. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ní sáà kejì, a gbọ́ pé ẹ̀ka fẹ́ gba kọ́ọ̀sì méjèèjì lọ́wọ́ Ọ̀gbẹ́ni Ajíbádé, kí wọ́n gbé wọn fún olùkọ́ mìíràn tó ń fúnni ní hándáòtù, tí kì í kúrò nínú kíláàsì. Ariwo ta. Àwọn kan kọ̀wé sára pátákó, wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì. Olórí ẹ̀ka jáde sí wa, ó ní, “Ẹ lọ fìmọ̀ ṣọ̀kan. Ẹ ò lè máa fi ẹnu méjì bá mi sọ̀rọ̀. Èyí tí ẹ bá fẹnu kò sí ni mo máa gbé lọ.”

Ohun tó wà níbẹ̀ fún mi kò farasin. Ọ̀gbẹ́ni Ajíbádé ló ń bójú tó iṣẹ́ àṣekágbá mi, lórí ooru àti ìró nísàlẹ̀ òkè náà. Bí wọ́n bá gba kọ́ọ̀sì náà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní lọ sísàlẹ̀ òkè mọ́, iṣẹ́ mi bàjẹ́ nìyẹn, ooru náà yóò sì máa jẹ́ ti Délé títí ayé.

Àṣà ẹ̀ka wa ni pé a kì í fi ìwé dìbò. Ẹni méjì á dúró lábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìn láàbù, wọ́n á rojọ́, oníkálukú á sì lọ tò sẹ́yìn ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá wọ̀ ọ́ létí. Nígbà tí àwa tí a fẹ́ kí bàbá náà dúró ń yan ẹni tí yóò gbẹnu sọ fún wa, mo ti to ẹjọ́ mi sórí: ibi tí ó dára, ibi tí ó kù sí, ohun tí a lè bẹ̀ ẹ́ pé kó tún ṣe. Ṣùgbọ́n ẹnìkan pariwo pé, “Délé! Òun lọmọ bàbá!” Gbogbo wọn gbè é. Òṣùwọ̀n ni ìnagijẹ tí wọ́n sọ mí. Ẹnìkan yí sí mi, ó ní, “Òṣùwọ̀n, ìwọ máa bá wa wọn omi tí Délé máa mu.” Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Ẹ̀rín náà korò lẹ́nu mi.

Rónkẹ́, ààrẹ ẹgbẹ́ wa, ló dúró ní òdìkejì. Ọmọ Ìjàn-Èkìtì ni, òun ló kọ́kọ́ rojọ́, kò sì sọ ìsọkúsọ.

“Nílé-ẹ̀kọ́ tí mo ti wá, a ò ní láàbù, àfi èyí tí wọ́n yà sójú pátákó. Bàbá yìí ní kí n gbé òṣùwọ̀n onísípíríǹgì wá, mo gbé aago lọ fún un. Gbogbo yín rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ yẹn, ẹ sọ fún mi, ṣé ó tún pè mí rí? Délé nìkan ló ń kọ́! Ẹ jẹ́ kí ẹni tó máa kọ́ gbogbo wa wá kọ́ wa.”

Díẹ̀ ló kù kí n pàtẹ́wọ́. Ọ̀rọ̀ tó wà nínú mi gan-an ló sọ yẹn, ṣùgbọ́n ibi tó gbé e lọ kọ́ ni mo fẹ́ kó lọ.

Délé dáhùn pẹ̀lú ohùn ńlá. Ó ní bí a bá lé bàbá yìí, a ti lé físíìsì nìyẹn. Ó dára létí. Ṣùgbọ́n kò fèsì sí ọ̀rọ̀ Rónkẹ́ rárá, nítorí kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni lè wà tí bàbá náà kì í pè.

Wọ́n ní kí a tò. Rónkẹ́ fara ti ìdí igi. Délé bọ́ síwájú, ó dúró sójú oòrùn gangan, ó ká apá mọ́ àyà bí ọ̀gágun. Nígbà tó yá, mo rí ohun kan. Àwọn ọlọ́dún kìn-ín-ní, tí wọn kò tíì dé ìsàlẹ̀ òkè rí, ń rọ́ wọ abẹ́ igi. Ẹnìkan bi ọ̀kan nínú wọn pé, “Ẹ̀yìn ta lo wà yìí?” Ọmọ náà nu òógùn ojú, ó ní, “Ẹ̀yìn òjìji.”

Mo dúró, mo ń rò ó. Ìyókù tí yóò tò kò pọ̀ mọ́, ìlà Délé sì ti kúrú. Inú mi kan ní: jẹ́ kí oòrùn pa á. Ooru tó gbà lọ́wọ́ mi, kó máa jẹ ẹ́ lọ. Inú mi kejì ń wo iṣẹ́ tó wà lórí tábìlì mi, àti pákó méjèèjì, àti àpáta náà.

Rónkẹ́ ló kọ́kọ́ rí mi. “Òṣùwọ̀n! Ẹ̀yìn ta lo ń tò sí? Àbí o ṣì ń wọ̀n ọ́n?”

Mo ní, “Mi ò tíì tò. Kí gbogbo wa kọ́kọ́ jáde sójú oòrùn.”

“Nítorí kí ni?”

“Nítorí pé bí a bá kà á báyìí, máńgòrò ló wọlé.”

Ẹ̀rín bú. Àwọn kan ń bú mi pé agbejọ́rò Délé ni mí. Ṣùgbọ́n Rónkẹ́ wo òkè, ó wo ẹsẹ̀ àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀, tí ìlà wọn wọ́ gẹ́gẹ́ bí òjìji ti wọ́. Ó sọ pé, “Ó dáa. Mi ò ní kí igi bá mi dìbò.” Òun ló kọ́kọ́ jáde sí pápá. Mo ti rí olóṣèlú tó ju Rónkẹ́ lọ láti ìgbà náà. Mi ò tíì rí èyí tó jáde kúrò lábẹ́ igi tirẹ̀.

Lójú oòrùn, àwọn ènìyàn ronú. Àwọn kan dúró ti Rónkẹ́, ọ̀pọ̀ sì rékọjá sẹ́yìn Délé. Ìlà Délé gùn díẹ̀ ju tirẹ̀ lọ. Èmi ni mo tò gbẹ̀yìn níbẹ̀. Ìlà tó gùn tó bẹ́ẹ̀, Délé kò lè rí ìrù rẹ̀.

Wọ́n fi bàbá náà sílẹ̀. Ní kíláàsì tó tẹ̀ lé e, ó dìde, ó ní, “Délé, o ṣeun. O gbà mí.” Délé wo ẹ̀gbẹ́ ibi tí mo wà, ó tẹ orí ba.  Èmi náà ṣí ìwé mi.

Mo parí iṣẹ́ mi. Ohun tí a jèrè nìyẹn, àti pé ẹ̀yin náà ń gbá pákó nísàlẹ̀ òkè títí di òní. Ohun tí a pàdánù ni Rónkẹ́: ó fi físíìsì sílẹ̀ lọ kọ́ ìṣirò. Kò sí ẹni nínú àwa tí a borí tó gbé ẹ̀sùn rẹ̀ lọ bá bàbá náà, bẹ́ẹ̀ òótọ́ ni.

Lọ́dún tó kọjá, mo lọ kí Ọ̀gbẹ́ni Ajíbádé nílé. Ó ti fẹ̀yìn tì. Èmi náà ti di olùkọ́ físíìsì ní Òde, mo fẹ́ tọrọ pákó rẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Ó wojú mi títí.

“Ìwọ ni... ọ̀rẹ́ Délé, àbí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

Ó gbé pákó náà jáde, ó ń nù ún. “Mo wà lójú fèrèsé lọ́jọ́ ìbò yẹn. Ẹnìkan ní kí ẹ jáde kúrò lábẹ́ igi. Mo máa ń sọ ọ́ fún àwọn èèyàn pé ọgbọ́n Délé nìyẹn.”

“Èmi ni, sà.”

Ó dúró. “Ìwọ? Kí ló dé tí o kò sọ?”

“Ẹ kò bi mí, sà.”

Ó gbé pákó náà lé mi lọ́wọ́.  Ó ní, “Délé ńkọ́? Ṣé ẹ ń gbúròó ara yín?”

Mo ní ó wà dáadáa.

Ògiri gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ la fi ń ṣe àpáta ní Òde. Bí a bá ti wọ̀n ọ́n tán, àwọn tí kì í nawọ́ ni mo máa ń kọ́kọ́ bi, nítorí Rónkẹ́. Ọmọbìnrin kan wà ní iwájú, Bùkọ́lá, tí ọwọ́ rẹ̀ kì í sọ̀ kalẹ̀. “Sà! Sà! Mo mọ̀ ọ́n, sà!” Ó sì máa ń mọ̀ ọ́n lóòótọ́.

“Bùkọ́lá, dúró ná,” ni mo máa ń wí. Nígbà mìíràn, bí mo bá ti wí i tán, n kì í mọ̀ bóyá òun ni mò ń dá dúró, àbí Délé.