Iná Pupa Mẹ́ta fún Tālivaldis

Tālivaldis Spuņģis kú ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá òwúrọ̀, lórí àtẹ̀gùn ilé tó ń gbé, pẹ̀lú igi ìdáná lápá. Ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin ni. Àjà kẹta ló ń lọ, kò dé ibẹ̀. Velta, opó tó ń gbé yàrá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, gbọ́ ìró igi tó ń yí gbirigbiri sọ̀kalẹ̀, ṣùgbọ́n kò sáré jáde, nítorí ó ti tó ọdún méjì tí igi ti máa ń bọ́ lọ́wọ́ bàbá náà.

Ọkùnrin tó ti gbé irin tó lé ní igba kílò sókè orí, igi tí kò ju kílò méjìlá lọ ló kú sí abẹ́ rẹ̀. Ẹ má retí kí n sọ pé ó yà mí lẹ́nu. Ojú ló ń tì mí, mo sì fẹ́ fi ẹnu ara mi sọ ìdí rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà ní ìlú yìí mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń gé ẹrẹ̀ àbàtà fún ìdáná ló ti ń ṣiṣẹ́, abẹ́ ilẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ wa ló sì ti kọ́ irin gbígbé. Àjà ibẹ̀ kúrú débi pé òun àti olùkọ́ rẹ̀ ní láti gbẹ́ ilẹ̀ jìn kí irin má baà kan òkè. Odindi ogún ọdún ló fi gba àmì ẹ̀yẹ lábẹ́ àsíá àwọn tó ń jẹgàba lé wa lórí. Nígbà tí ilẹ̀ wa fi máa gba òmìnira, ó ti lé lógójì ọdún, orúnkún rẹ̀ ti bàjẹ́. Síbẹ̀ ó padà lọ díje lẹ́ẹ̀kan péré, kí ó ṣáà lè wọ ẹ̀wù tí wọ́n kọ Latvija, orúkọ ilẹ̀ wa, sí láyà.

Mo wà níbẹ̀, akọ̀ròyìn kékeré ni mí nígbà náà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń fún ẹnikẹ́ni láti gbé irin. Ó gbé èkíní, àwọn adájọ́ tan iná pupa, pé kò yege. Ó gbé èkejì, pupa náà ni. Nígbà tó gbé ẹ̀kẹta, orúnkún rẹ̀ ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ sílẹ̀, iná méjì nínú mẹ́ta sì funfun, ó yege. Mo sunkún bí ọmọdé.

Ṣé ẹ wá rí i, ilé tí ìgbìmọ̀ ìlú fún irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ kò ní nǹkan tó ń mú un gbóná ju ààrò lọ, inú àgbàlá sì ni igi wà. Lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un lórúnkún méjèèjì, ó kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ náà pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n gbé òun wá sí yàrá ìsàlẹ̀. Kò sí ẹni tó ń gbé yàrá ìsàlẹ̀ ilé yẹn kan náà. Àga tí a ń jókòó lé níbi ọdún Līgo ni wọ́n kó síbẹ̀. Èmi náà ti jókòó lé wọn, mo ti mu bíà lórí wọn, ẹ̀yin náà ti mu.

Nígbà tí èsì àkọ́kọ́ dé, ó gbé e lọ bá Velta torí pé ojú rẹ̀ kò ríran kàwé mọ́.

“Velta, bá mi wò ó. Ṣé funfun ni àbí pupa?”

“Pupa ni, Tāli.”

“Kò burú. Ó ku méjì.”

Lẹ́yìn ọdún méjì, èkejì dé, pupa. Ó ní ó ku ẹyọ kan, pé ẹ̀ẹ̀kẹta lòun máa ń yege.

Láàárín ìgbà yẹn ni olóòtú wa rán mi sí i fún ọjọ́ ìbí rẹ̀. Mo bá a ní àgbàlá, ó ń kó igi. Mo bi í bóyá ó wúwo.

“Ọmọ mi, ta lo rí rí tó ń gbé irin, tó sọ fún oníwèé ìròyìn pé ó wúwo?”

Mo rẹ́rìn-ín, mo kọ ọ́ sílẹ̀. Mo tẹ̀ lé e gun àtẹ̀gùn. Ó jókòó lẹ́ẹ̀mejì kí a tó dé òkè, ètè rẹ̀ ti yí àwọ̀ padà. N kò kọ ìyẹn. N kò sì bá a gbé ẹyọ igi kan, nítorí kámẹ́rà wà lọ́wọ́ mi. “Akọni Wa Ṣì Ń Gbé Irin” ni mo pe àkọlé rẹ̀. Gbogbo yín yìn mí.

Lẹ́yìn ìsìnkú, níbi tí ìgbìmọ̀ ìlú ti gbé òdòdó ńlá wá tí wọ́n sì sọ̀rọ̀ dídùn, Velta fi èsì kẹta hàn mí. Wọ́n gé ìròyìn mi, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Wọ́n ní gẹ́gẹ́ bí ìwé ìròyìn ti fi hàn, ara bàbá náà le, kò nílò yàrá ìsàlẹ̀. Dókítà kan tí kò fojú kàn án rí fọwọ́ sí i.

Mo bi Velta pé kí ló dé tí kò fi fi í hàn mí látọjọ́ yìí.

“Òun ló ní kí n má fi í hàn yín,” ó ní. “Ó ní ẹ kọ ọ́ dáadáa, kí inú yín má lọ bàjẹ́.”

Bí oṣù kẹjọ bá dé, gbogbo wa yóò kóra jọ sí ibojì bí a ti ń ṣe lọ́dọọdún, a ó sì fi igi oníyín ha yanrìn orí àwọn òkú wa kó tẹ́jú. Ta ni yóò lè dúró lórí ti Tālivaldis? Mo ń béèrè pé ní ìpàdé ìgbìmọ̀ ìlú lọ́jọ́ Ajé, kí akọ̀wé tó kọ ìwé yẹn àti dókítà tó fọwọ́ sí i dìde, kí wọ́n sọ orúkọ wọn ní gbangba. Níbi ìdíje irin, adájọ́ mẹ́ta ló máa ń jókòó, gbogbo èrò ló sì máa ń rí ẹni tó tẹ pupa.

Èmi Ilgvars Mednis ni mo tẹ ọ̀kan. Ẹ̀yin méjì tó kù dà?